Garawa Funfun Kan, Agolo Búlúù Méjì

Ọjọ́ kejìlá, oṣù Kìíní

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú àárẹ̀, ẹ kú ìrọ́jú, ẹ kú gbogbo ohun tí wọ́n fi ń kí ẹni tó jìnnà sílé débi pé kí òòrùn tó jí i, ó ti sun àwa jóná tán. Ara mi le. Ara Àǹtí náà le, ohùn rẹ̀ ló sì le jù. Ṣé àlàáfíà ni ẹ wà? Tí ẹ bá wà lálàáfíà, ẹ kọ́kọ́ jókòó kí ẹ tó ka ìyókù, torí wọ́n fẹ́ gba yàrá yín.

Mo mọ̀ pé ẹ máa bi mí pé kí ló dé tí mi ò sọ ọ́ lórí fóònù. Bàbá mi, fóònù Àǹtí ní etí mẹ́ta: tiyín, tèmi, àti tirẹ̀. Nígbà tí ẹ pè lọ́jọ́sí, ṣé ẹ gbọ́ bí mo ṣe ń sọ pé "bẹ́ẹ̀ ni, sà, dáadáa ni, sà" bí ẹni tí wọ́n fi ọ̀bẹ sí lọ́rùn? Àǹtí ló dúró tì mí, ó ń na abẹ́rẹ́ sí mi pé kí n tètè parí. Inú ìwé nìkan ni kò ti lè bá wa dá sí ọ̀rọ̀.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́ rèé. Iṣẹ́ ìránṣọ Àǹtí ti gbòòrò. Ẹ̀rọ tó jẹ́ méjì nígbà tí ẹ lọ ti di mẹ́fà, tí gbogbo wọn bá sì jọ ń sáré, òkú ọ̀run á ní kí wọ́n rọra. Pálọ̀ ti kún. Igun tí mò ń sùn sí, ẹsẹ̀ ẹ̀rọ kan wà níbi orí mi, òmíràn wà níbi ẹsẹ̀ mi. Tí mo bá yíra padà, wọ́n lè rán mi mọ́ ìrọ̀rí. Ni Àǹtí bá gbójú lé yàrá yín.

Ó ní, "Yàrá tí ẹnikẹ́ni kì í sùn sí, kí ló ń jẹ́?"

Mo ní, "Yàrá bàbá mi ló ń jẹ́."

Ó ní, "Ṣé bàbá rẹ ló wá ń sáré lórí ògiri ibẹ̀ ni, àbí aláǹgbá?"

Mo fẹ́ fèsì, ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ ọwọ́ Àǹtí, kì í pẹ́ délé ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Ohun tó tún ba ọ̀rọ̀ náà jẹ́ ni pé òrùlé jò sínú yàrá náà. Bíríkìlà ti dí i, ó sì ti rẹ́ ògiri, ṣùgbọ́n ibi tó rẹ́ fẹ̀ tó ilẹ̀kùn, ó sì funfun eérú eérú bí ojú ẹni tí kò para. Àǹtí ní tí mo bá lè jẹ́ kí yàrá yẹn dà bí yàrá ènìyàn kí ìsinmi ọlọ́jọ́ gígùn tó dé, òun á fi sílẹ̀ dè yín. Tí mi ò bá lè ṣe é, ẹ̀rọ mẹ́ta ló ń wọlé síbẹ̀.

Nítorí náà, mo fẹ́ àwọ̀ yẹn. Ẹ rántí? Ẹ̀yin lẹ pò ó fúnra yín. Kì í ṣe búlúù, kì í ṣe ewé, ó dà bí sánmà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́jú. Èmi ni mo rò ó. Ẹ fún mi ní igi, ẹ ní kí n máa rò ó títí tí kò fi ní ní ìlà mọ́. Mo rò ó títí apá mi fẹ́ẹ̀ já, ẹ sì ní n kò tíì ṣe nǹkan kan. Mi ò mọ ohun tí ẹ dà sínú rẹ̀, torí mi ò ga tó ẹnu garawa nígbà náà. Oníṣọ́ọ̀bù pẹ́ńtì tó wà ní ìkóríta ní tí mo bá ń bá òun gbálẹ̀ ní Sátidé, òun á máa fún mi ní èyí tó ṣẹ́ kù sí ìsàlẹ̀ agolo. Ìwọ̀n ló kù. Ẹ fi ìwọ̀n ránṣẹ́.

Ní ilé ẹ̀kọ́, olùkọ́ ìṣirò wa, tí à ń pè ní Ọ̀gá Lítà lẹ́yìn rẹ̀, ti bẹ̀rẹ̀ réṣíò. Ó tún da lítà àti mílílítà mọ́ ọn. Mo gba máàkì kan tí mi ò ní kọ síbí, kí ìwé má baà gbaná lọ́nà.

Ẹ tètè fèsì. Ẹ sì ṣèlérí pé ìparí ọdún yìí ni ẹ ń bọ̀, mi ò tíì gbàgbé.

Èmi ni, ọmọ yín tó ń ṣọ́nà yàrá.

*

Ọjọ́ ogún, oṣù Kejì

Ọmọ mi, Aláròyé,

Ìwé rẹ dé. Orí bẹ́ẹ̀dì ni mo ti kà á, mo sì rẹ́rìn-ín débi pé ẹni tó ń sùn lókè mi fi ẹsẹ̀ gbá pákó. Àwa mẹ́fà la wà nínú yàrá kan níbí, bẹ́ẹ̀dì lórí bẹ́ẹ̀dì, kálukú sì ta aṣọ sí ojú tirẹ̀. Ohun tí mo ní tí mo lè pè ní yàrá kò ju aṣọ yẹn lọ. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ yàrá tí o sọ fi wọ̀ mí lára.

Kí àǹtí rẹ fún mi. Má ṣe bá a jà. Òun ló ń fún ọ lóúnjẹ, òun ló sì gbà ọ́ tọ́ nígbà tí ìyá rẹ kú tí ọwọ́ mi kò ká a. Ẹni tó bá ń bú àǹtí rẹ, èmi ló ń bú.

O bi mí nípa àwọ̀. Ọmọ mi, ó pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti bi mí nípa àwọ̀. Funfun nìkan la ń kùn níbí. Ọ̀nà gbọọrọ inú ilé ńlá kan ni, ilẹ̀kùn lọ́tùn-ún, ilẹ̀kùn lósì, funfun, funfun, títí ojú á fi máa ṣe mí bàìbàì. A kì í pò ó lọ́wọ́ pàápàá. Ẹ̀rọ ni. Ọ̀gá á tẹ nọ́ńbà, ẹ̀rọ á tu pẹ́ńtì jáde bí ẹni bì. Láti ìgbà tí mo ti dé ibí, mi ò tíì fi igi ro nǹkan kan rí.

Ìwọ̀n yàrá wa nìyí, mi ò lè gbàgbé rẹ̀: garawa funfun kan, agolo búlúù méjì, ìdajì agolo yẹ́lò. Yẹ́lò yẹn ni àṣírí ibẹ̀. Tí o bá yọ ọ́ kúrò, àwọ̀ náà á tutù bí ẹsẹ̀ òkú.

Máàkì tí o ní o kò lè kọ, kọ ọ́. Ìwé kì í gbaná lọ́nà. Ìdí ọmọ ló máa ń gbaná nílé.

Bàbá rẹ.

*

Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù Kẹta

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ewu. Mo ní ẹ kú ewu torí ẹ̀yin lẹ ni yàrá, ewu sì ti bá yàrá.

Ẹ gbọ́ bí mo ṣe ṣe é, kí ẹ tó bínú. Mo ka ìwọ̀n tí ẹ kọ: funfun kan, búlúù méjì, yẹ́lò ìdajì. Mo ní áà, réṣíò rèé! Ọ̀gá Lítà ti sọ fún wa pé a kì í fi ìdajì sílẹ̀ nínú réṣíò, pé ká sọ gbogbo rẹ̀ di ìlọ́po méjì kó lè mọ́. Mo bá sọ ọ́ di funfun méjì, búlúù mẹ́rin, yẹ́lò ẹyọ kan. Inú mi dùn bí ẹni tó gba ìwé-ẹ̀rí ńlá. Mo mú ife kan, mo wọn funfun ife méjì, búlúù ife mẹ́rin, yẹ́lò ife kan. Mo rò ó títí kò fi ní ìlà mọ́, gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe kọ́ mi. Mo fi búrọ́ọ̀ṣì fà á sára ògiri.

Bàbá mi! Ẹ ti rí ọrùn akọ aláǹgbá rí? Ẹ ti rí ojú ẹni tí wọ́n fi ìkúùkù bá sọ̀rọ̀ ní ọjọ́ kẹta? Ẹ pa méjèèjì pọ̀. Yàrá náà ṣókùnkùn débi pé mo wá iná tàn lọ́sàn-án gangan. Àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Àǹtí sáré wá wò ó. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Ṣé ilé àtìmọ́lé ni wọ́n fẹ́ ṣí síbí ni?" Òmíràn ní kí n má dààmú, pé tí mo bá ya ìràwọ̀ díẹ̀ sí i, á di ojú ọ̀run òru.

Mo ti tún ìwé yín kà ní ìgbà ẹgbẹ̀rún. Ohun tí ẹ kọ ni mo ṣe. Àbí àwọ̀ yàrá ẹlòmíràn lẹ fi ránṣẹ́?

Máàkì mi nìyí, torí ẹ ní kí n kọ ọ́: mẹ́rin nínú ogún. Ẹ wò ó dáadáa, ó jẹ́ ọ̀kan sí márùn-ún. Ẹ rí i pé mo mọ réṣíò díẹ̀.

Ọmọ yín, ẹlẹ́wọ̀n yàrá aláǹgbá.

*Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú àjò o. Èmi àbúrò yín ni mo gba bírò lọ́wọ́ ọmọ yìí. Ó rò pé mi ò mọ̀ pé òun ń kọ̀wé, bẹ́ẹ̀ orí tábìlì tí mo ti ń gé aṣọ ló ti ń kọ ọ́. Ẹ bá mi sọ fún un kó jáwọ́. Mi ò kórìíra yín. Ibi tí àwọn ọmọ iṣẹ́ máa jókòó sí ni mò ń wá. Ẹ̀yin náà ẹ sọ òótọ́ fún un nípa ìparí ọdún. Ẹ ti sọ ọ́ fún mi lórí fóònù. Kò yẹ kó jẹ́ ẹnu mi ló ti máa gbọ́ ọ.*

*

Ọjọ́ karùndínlọ́gbọ̀n, oṣù Kẹrin

Ọmọ mi,

Ọrùn akọ aláǹgbá! Mo ka ibẹ̀ fún àwọn ará yàrá mi, wọ́n dì mú ikùn. Ẹ̀bi mi ni, kì í ṣe ẹ̀bi rẹ. Láàárín àwa akùnlé, tí a bá ti ní "garawa," kálukú ti mọ èyí tí à ń wí. Mo gbàgbé pé ọmọ ni mò ń kọ̀wé sí. Garawa mi, ogún lítà ló ń gbà. Agolo mi, lítà kan péré. O rí i pé ọ̀tọ̀ ni garawa, ọ̀tọ̀ ni agolo. Ìwọ wá fi ife kan náà wọn méjèèjì. Gbé e lọ bá olùkọ́ rẹ, á fi ọ̀nà hàn ọ́.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ tí àǹtí rẹ kọ. Mo fẹ́ dúró kí n lè sọ ọ́ dáadáa, ṣùgbọ́n kò sí bí mo ṣe lè sọ ọ́ tó máa dáa. Ọ̀gá kó ìwé wá fún wa pé ká tún buwọ́ lù ú fún ọdún méjì. Ẹni tí kò bá buwọ́ lù ú, ààyè rẹ̀ ti lọ nìyẹn. Ẹni tó bá sì gba ìsinmi relé láàárín ọdún, wọn kì í di ààyè rẹ̀ mú dè é. Mo buwọ́ lù ú. Mi ò ní lè wá ní ìparí ọdún yìí.

Má sunkún. Tàbí kí o sunkún díẹ̀, kí o sì padà sídìí ìṣirò rẹ.

Bàbá rẹ.

*

Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù Karùn-ún

Bàbá mi,

Ẹ kú iṣẹ́.

Mi ò sunkún. Omi tó wà lójú ìwé yìí, lágbájá ló da omi sí i.

Mo gbé ọ̀rọ̀ garawa lọ bá Ọ̀gá Lítà. Mo rò pé á lé mi dànù, ṣùgbọ́n ńṣe ni inú rẹ̀ dùn bí ẹni tí wọ́n fún ní ìyàwó tuntun. Ó pe gbogbo kíláàsì, ó kọ ọ́ sójú pátákó, ó ní, "Ọmọ yìí ti ba ògiri kan jẹ́ kí ẹ̀yin má baà ba tiyín jẹ́." Wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín, mo sì tẹrí ba fún wọn bí olóyè. Ó ní a kì í fi ewúrẹ́ àti adìyẹ ṣe réṣíò láìjẹ́ pé a kọ́kọ́ sọ gbogbo wọn di ẹsẹ̀. Garawa gbọ́dọ̀ di mílílítà, agolo gbọ́dọ̀ di mílílítà, kí wọ́n tó jọ dúró lórí ìlà kan.

Garawa funfun, ogún lítà: 20,000. Agolo búlúù méjì: 2,000. Ìdajì agolo yẹ́lò: 500. (Nígbà tí mo ń kà á sókè nílé, Àǹtí ní, "Ọ̀kẹ́ kan, ẹgbàá kan, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta," láìgbé ojú sókè nínú aṣọ tó ń gé. Mo ní ìgbà wo ló di ọ̀mọ̀wé. Ó ju ṣọ́ọ̀kì tó fi ń sàmì sí aṣọ lù mí.) A fi ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta pín gbogbo rẹ̀, ó ku ogójì sí mẹ́rin sí ọ̀kan. Ogójì! Èmi sì fi méjì síbẹ̀! Ẹ rí i pé ó yẹ kí ògiri náà pè mí lẹ́jọ́.

Oníṣọ́ọ̀bù pẹ́ńtì ti fún mi ní gálọ́ọ̀nù funfun kan, torí mo ti gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ títí ilẹ̀ fẹ́ lu. Lítà mẹ́rin ni. Ìgò oògùn ikọ́ Àǹtí, ọgọ́rùn-ún mílílítà ló ń gbà, wọ́n kọ ọ́ sí ìdí rẹ̀. Nítorí náà gálọ́ọ̀nù kan jẹ́ ogójì ìgò. Búlúù ìgò mẹ́rin, yẹ́lò ìgò kan. Kò sí àṣìṣe. Mo gbé e fún Ọ̀gá Lítà wò, ó ní kò sí àṣìṣe. Mo rò ó. Mo kùn ún. Mo dúró títí ó fi gbẹ.

Kì í ṣe àwọ̀ wa.

Ó jọ ọ́, mi ò ní parọ́. Ó jọ ọ́ bí ẹ̀gbọ́n ṣe ń jọ àbúrò. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá dúró ní ẹnu ọ̀nà, ẹ máa rí i pé ibi tí mo kùn ki ju ìyókù lọ, ó yọ síta gedegbe bí aṣọ tí wọ́n fi lẹ aṣọ. Ìṣirò tọ̀nà. Ìgò tọ̀nà. Ohun tó kù tí kò lè tọ̀nà kò ju ẹyọ kan lọ.

Ẹ ti gbàgbé, Bàbá mi. Ẹ ní ẹ ò lè gbàgbé rẹ̀, ẹ sì ti gbàgbé. Ẹ ti rí funfun pọ̀ jù. Tí ẹ bá lè gbàgbé ògiri tí ẹ fi ọwọ́ ara yín kùn, ọdún méjì sí i, kí lẹ máa tún gbàgbé? Wọ́n ní mo ti ga ju Àǹtí lọ báyìí. Ẹ ò mọ̀. Ohùn tí ẹ ń gbọ́ lórí fóònù kò lẹ́sẹ̀, ẹ ò lè mọ bó ṣe ga tó.

Ọmọ yín.

*

Ọjọ́ kẹtàlélógún, oṣù Kẹfà

Bàbá mi,

Ẹ kú ọjọ́ gbogbo. Mi ò rí èsì.

Ẹ tún pe Àǹtí, ó ní ara yín le, ẹ sì kí mi. Ẹ ò ní kó gbé fóònù fún mi. Mo wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, mo gbọ́.

Àǹtí ti wọn yàrá. Ó mú okùn tí ó fi ń wọn ìdí àwọn oníbàárà, ó fi wọn ògiri láti igun dé igun. Ó ní ẹ̀rọ mẹ́ta á wọ ibẹ̀, pẹ̀lú tábìlì. Ìsinmi ti sún mọ́ tòsí.

Ọ̀rọ̀ tí mo sọ nínú ìwé tó kọjá, mo sọ ọ́ jù díẹ̀. Ẹ mọ̀ pé ẹnu mi a máa sáré jù mí lọ. Tí ẹ bá bínú, ẹ bínú sínú ìwé, kí ẹ fi ránṣẹ́. Èébú náà ìwé ni.

Ọmọ yín ni mo ṣì jẹ́, àyàfi tí ẹ bá ti gba ẹlòmíràn.

*

Ọjọ́ kẹjọ, oṣù Keje

Aláròyé mi,

Kò sí ẹni tí mo gbà. Ta ló lágbára ẹni kejì lẹ́yìn rẹ?

Mo ti kọ ìwé mẹ́ta sí ọ tí mo ya. Ọ̀rọ̀ rẹ gún mi, ṣùgbọ́n kì í ṣe torí pé ó burú. Mo dùbúlẹ̀ lẹ́yìn aṣọ mi, mo ní kí n rìn yí ká yàrá náà nínú ọkàn mi, kí n fi hàn pé irọ́ lo pa. Mo dé ojú fèrèsé, mi ò mọ̀ bóyá òsì ló ń ṣí sí ni àbí ọ̀tún. Mo dé ìdí ilẹ̀kùn, mi ò rántí ibi tí ìṣó tí mo ń fi fìlà kọ́ wà. Ẹ̀rù bà mí. Mo ní ọmọ yìí ti mọ ohun tí èmi fúnra mi kò tíì mọ̀ nípa ara mi. Ìdí tí mi ò fi ní kí wọ́n gbé fóònù fún ọ nìyẹn. Mi ò mọ ohun tí mo máa sọ.

Ṣùgbọ́n àwọ̀ yẹn, rárá. Mo fi ọwọ́ sọ̀yà. Garawa kan, agolo méjì, ìdajì agolo.

Lánàá, wọ́n ní kí a yọ àwòrán ńlá kan kúrò lára ògiri níbi iṣẹ́ kí a lè kùn ún. Bí a ṣe yọ ọ́, ibi tí àwòrán náà bò mọ́ kedere, gbogbo ìyókù ògiri sì ti ṣá. Mo dúró síbẹ̀, búrọ́ọ̀ṣì ń ro omi sí mi lẹ́sẹ̀, mi ò mọ̀. Ọ̀gá kígbe mọ́ mi. Akùnlé ni mí, ọmọ mi! Iṣẹ́ mi ni! Ó yẹ kí n ti mọ̀ látọjọ́ tí ìwé rẹ ti dé.

Pe àǹtí rẹ, kí ẹ jọ ti kọ́bọ́ọ̀dù ńlá inú yàrá mi, tí kò tíì kúrò lójú kan láti ọjọ́ tí mo ti kùn ibẹ̀, kúrò lára ògiri. Wo ògiri ẹ̀yìn rẹ̀. Tí ohun tí o kùn kò bá bá ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù mu, a jẹ́ pé mo ti gbàgbé lóòótọ́, kí o máa pè mí ní orúkọ tó bá wù ọ́.

Òòrùn ti ń wọ yàrá yẹn láti ọjọ́ tí mo ti lọ. Àwọ̀ ọjọ́ tí mo jáde nílé ni mo fi ránṣẹ́ sí ọ. Òun nìkan ni mo ní. Àwọ̀ tòní, ìwọ ló ń rí i. Funfun ni kí o máa fi kún un. Bó ṣe máa pọ̀ tó, mi ò lè mọ̀ láti ibí. Funfun náà ti ń wọ irun mi, mi ò bá ẹnikẹ́ni ṣe réṣíò kó tó wọlé.

Àti pé, jẹ́ kí àǹtí rẹ lo yàrá. Mo ti rò ó. Kò tọ́ kí alààyè máa sùn lábẹ́ ẹ̀rọ nítorí ẹni tí kò sí nílé. Má bá a jà mọ́.

Bàbá rẹ.

*

Ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n, oṣù Keje

Bàbá mi ọ̀wọ́n, akùnlé àgbà,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú ìfaradà, ẹ kú orí pípé. Mo dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin, mo kúnlẹ̀ bí obìnrin, èyí tó bá wù yín nínú méjèèjì kí ẹ gbà.

A ti kọ́bọ́ọ̀dù. Àwa mẹ́ta la tì í, èmi, Àǹtí àti ọmọ iṣẹ́ kan, ó sì wúwo bí ẹni pé ẹ̀yin lẹ wà nínú rẹ̀. Nígbà tó kúrò, ògiri ẹ̀yìn rẹ̀ ki ju ìyókù lọ. Mo sáré lọ fi búrọ́ọ̀ṣì mú díẹ̀ nínú èyí tí mo ti pò, mo fà á lé e. Nígbà tó gbẹ, mi ò rí ibi tí mo fà á sí mọ́. Mo wá a títí. Mo fi ojú kan ògiri, mi ò rí i.

Àǹtí ló fi ọwọ́ pa á. Ó ní, "Áà. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe rí lóòótọ́. Àwa la ti gbàgbé." Ó wá yára jáde, ó ní ẹnì kan ń pe òun. Kò sẹ́ni tó pè é.

Mo wá àwọ̀ tòní. Ìdérí oògùn ikọ́ yẹn, mílílítà mẹ́wàá ló ń gbà. Mo wọn funfun ogójì, búlúù mẹ́rin, yẹ́lò kan, mo sì ń fi funfun kún un ní ìdérí kọ̀ọ̀kan, mo ń fà á lára ògiri, mo ń dúró kó gbẹ. Ọjọ́ tí mo fi ṣe é kò lóǹkà. Irùngbọ̀n ìbá ti hù bí mo bá jẹ́ ọkùnrin. Ibi tó ti bá a mu ni ọgọ́rin. Ọgọ́rin sí mẹ́rin sí ọ̀kan. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ lè mọ bí yàrá yín ṣe rí báyìí. Búlúù ò dín, yẹ́lò ò dín, funfun nìkan ló di ìlọ́po méjì. Tí irun yín bá ṣe bẹ́ẹ̀, kò burú, mo ti mọ bí mo ṣe máa wá yín kàn lábẹ́ rẹ̀.

Mo ti kùn ún. Ẹ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ẹ ò ní mọ ibi tí òrùlé ti jò. Àǹtí wò ó, ó yí ká, ó wá ibi tó máa ti bú mi, kò rí.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ kan wà tí ẹ sọ tí mi ò gbọ́ràn sí, ẹ forí jì mí. Ẹ ní kí n jẹ́ kí Àǹtí lo yàrá. Mo ní fún Àǹtí pé, "Ẹ wo igun tí mò ń sùn sí ní pálọ̀. Tí mi ò bá sí níbẹ̀ mọ́, ẹ̀rọ mélòó ló máa gbà?" Ó mú okùn rẹ̀, ó wọ̀n ọ́n. Ó ní méjì. Mo ní tábìlì ńkọ́, ṣé kò lè wà ní ẹ̀yìnkùlé lábẹ́ òrùlé? Ó wò mí títí, ó ní, "Ọmọ yìí, ta ló bí ọ?" Mo ní ẹ̀gbọ́n yín ni. Ó ní òun náà ti fura.

Èmi ni mò ń sùn ní yàrá náà báyìí. A ò dá kọ́bọ́ọ̀dù padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀; mo gbé bẹ́ẹ̀dì mi síbẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí àwọ̀ yín ṣì wà. Mi ò kùn ún. Ṣùgbọ́n òòrùn ti ń dé ibẹ̀. Mo sọ fún Àǹtí pé tó bá yá, á ṣá, á sì bá ìyókù dọ́gba, a ò sì ní mọ èwo ni èwo mọ́. Lọ́jọ́ kejì, ó gbé aṣọ kan wá, aṣọ gidi, kì í ṣe àjákù o, ó ti ṣẹ́ etí rẹ̀, ó sì ti fi okùn sí i. Ó ta á sójú ògiri náà. Bàbá mi, ní ilé wa báyìí, ògiri ń wọ aṣọ! Tí òòrùn bá ti wọ̀, mo máa ń ká a sókè, mo máa ń wo ibẹ̀ díẹ̀, kí n tó tún bò ó.

Fèrèsé ń ṣí sí òsì. Ìṣó fìlà yín wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, lókè, ibi tí ọwọ́ mi ò lè tó nígbà yẹn. Ó ti ń tó o.

Mo gba mẹ́rìndínlógún nínú ogún. Mẹ́rin sí márùn-ún.

Ọdún méjì náà, ẹ ṣe é kí ẹ parí ẹ̀. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá dé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kan ilẹ̀kùn kí ẹ tó wọlé. Mi ò mọ ìró ẹsẹ̀ yín mọ́. Mo lè rò pé olè ni, kí n sì fi bàtà là yín lórí.

Ọmọ yín, onílé tuntun.